Ẹ̀YÌN KÍ NI? Orírun ọ̀rọ̀ Jámánì «Hinterland» àti ìtàn rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàgó

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, nínú ìwé ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé àti nínú ìròyìn ọ̀rọ̀ ajé, tí àwọn akọ̀wé èdè Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì ń lò bí ẹni pé abẹ́lé wọn ni wọ́n bí i sí. Ọ̀rọ̀ náà ni hinterland. Kì í ṣe ọmọ Faransé, kì í sì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Jámánì ni ìyá rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí, bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹrù tí ó ń gba èbúté Cotonou kọjá lọ sí Niger, sí Burkina Faso tàbí sí Mali, «pays de l'hinterland» ni yóò pe àwọn ilẹ̀ náà ní èdè Faransé. Olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó bá sì fẹ́ túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá-Nàgó yóò dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí, yóò sì ronú: kí ni kí a pè é?

Ìbéèrè náà kéré lójú, ṣùgbọ́n kò kéré nínú. Ẹni tó bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ yóò rí i pé ìtàn bí a ṣe pín ilẹ̀ Nàgó wà nínú rẹ̀. Agbègbè Tchaourou sì jẹ́ ibi tí ó dára láti gbà wo ìtàn náà, nítorí pé àárín ààlà méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ràn lọ́wọ́ láti fà ni ó wà.

I. Ìhun ọ̀rọ̀ náà

Hinterland jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ alákànpọ̀. Apá méjì ni ó ní. Apá kìn-ín-ní ni hinter, ọ̀rọ̀-atọ́kùn tí ó túmọ̀ sí «lẹ́yìn». Apá kejì ni Land, ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó túmọ̀ sí «ilẹ̀». Bí a bá so méjèèjì pọ̀, a ó rí «ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn». Àwọn ará Jámánì kì í fi àlàfo sáàárín wọn, wọn kì í sì í fi àmì ìsopọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ.

Hinter ti pẹ́ nínú èdè náà. Hintar ni ó jẹ́ nínú èdè Jámánì àtijọ́. Hindar ni ó jẹ́ nínú èdè àwọn ará Goth, tí ó ti kú. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sì wà nínú behind tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń sọ. Ìparí ọ̀rọ̀ náà, -ter, jẹ́ àmì àtijọ́ tí a fi ń gbé nǹkan méjì kojú ara wọn, èyí tó wà níhìn-ín àti èyí tó wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó sọ hinter ti pín ayé sí ọ̀nà méjì, ó sì ti dúró sí ọ̀kan nínú wọn.

Land náà kò kéré lọ́jọ́ orí. Ó wà káàkiri àwọn èdè tó bá Jámánì tan, ó sì ní ìbátan lọ́dọ̀ àwọn ará Wales, tí wọ́n ń sọ llan, àti lọ́dọ̀ àwọn ará Bretagne, tí wọ́n ń sọ lann. Láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá irú èdè bẹ́ẹ̀ ni Faransé ti jogún lande, tí ó túmọ̀ sí ilẹ̀ gbalasa tí kò sí oko lórí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Faransé gba hinterland wọlé bí àlejò, ìbátan àlejò náà ti wà nílé tipẹ́ lábẹ́ ẹ̀wù mìíràn.

Hinterland ní àwọn ọmọ ìyá tí a fi ọ̀nà kan náà hun: Vorland ni ilẹ̀ iwájú, Umland ni ilẹ̀ àyíká ìlú, Inland ni ilẹ̀ inú, Ausland ni ilẹ̀ òde, èyí ni ilẹ̀ òkèèrè. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kan nínú ọ̀rọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ìlú etí odò lè fi pe oko tó wà lẹ́yìn ìlú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni, kí àwọn òṣèlú tó gbé e.

II. Ìyàtọ̀ láàárín ìhun Jámánì àti ìhun Yorùbá

Ó yẹ kí olùtumọ̀ mọ ohun kan kí ó tó gbìyànjú. Nínú ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ ti Jámánì, ìparí ni orí ọ̀rọ̀ máa ń wà. Schulhaus jẹ́ irú Haus kan, irú ilé kan. Schule, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́, ni ó ṣáájú láti sọ irú ilé tí ó jẹ́. Ní Yorùbá, ìbẹ̀rẹ̀ ni orí ọ̀rọ̀ wà. Ilé-ìwé, ilé-ẹjọ́, ilé-ìwòsàn, irú ilé ni gbogbo wọn. Ohun tó tẹ̀lé ilé ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹni tó bá túmọ̀ Hinterland ní ìtò-ǹ-tẹ̀lé yóò sọ pé «ẹ̀yìn ilẹ̀». Àṣìtumọ̀ ni. «Ẹ̀yìn ilẹ̀» jẹ́ irú ẹ̀yìn kan, kì í ṣe irú ilẹ̀ kan. Bí a bá fẹ́ kí orí ọ̀rọ̀ jẹ́ ilẹ̀, «ilẹ̀ ẹ̀yìn» ni a ó sọ. Àmọ́ bí a bá sọ «ilẹ̀ ẹ̀yìn» fún àgbàlagbà kan ní Tchaourou tàbí ní Kilibo, kò ní pẹ́ tí yóò fi béèrè pé: «Ẹ̀yìn kí ni?»

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àìmọ̀kan. Gírámà Yorùbá ni ó ń béèrè. Ẹ̀yìn jẹ́ ẹ̀yà ara kí ó tó di ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sí ibi. Gẹ́gẹ́ bí etí, ojú, orí, ẹsẹ̀ àti inú, ó fẹ́ kí á dárúkọ ẹni tàbí ohun tó ni ín. A ń sọ ẹ̀yìn ilé, ẹ̀yìn odi, ẹ̀yìn odò. A ń sọ etí odò, a sì ń sọ etíkun, níbi tí ìpajẹ fáwẹ̀lì ti so etí àti òkun pọ̀. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, olóhun wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí olóhun kò bá sí nínú ọ̀rọ̀, ó ní láti wà lọ́kàn àwọn tó ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì jọ mọ̀ ọ́n.

Hinterland kò ní olóhun nínú ara rẹ̀. Ó sọ pé ilẹ̀ náà wà lẹ́yìn, kò sọ lẹ́yìn kí ni. Ará Jámánì lè fi orúkọ olóhun kún un bí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò fi agbára mú un. Ibi tí ó fi sílẹ̀ lófo yìí ni àwọn alágbára gbà wọlé.

Kí a má ṣe rò pé ẹ̀yà ara kò sí nínú ọ̀rọ̀ ibi ti àwọn òyìnbó. Küste, tí àwọn ará Jámánì ń pe etíkun, gba ọ̀nà èdè Faransé àtijọ́ wá láti inú costa ti Látìn. Egungun ìhà sì ni costa. Ibi tí Yorùbá ti rí etí, Látìn rí ìhà. Lójú àwọn méjèèjì, ilẹ̀ ní ara.

III. Bí ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ṣe di ọ̀rọ̀ òfin

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1884, Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, bá àwọn aṣojú Mlapa ọba Togo tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Baguida. Ìlú kékeré ni Togo nígbà náà, lẹ́bàá ọ̀sà. Ilẹ̀ tí àdéhùn náà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kò ju etíkun tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Kò sí Atakpamé nínú rẹ̀, kò sí Kambolé, kò sì sí ìlú Nàgó kankan.

Ìpàdé Berlin bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó sì parí ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1885. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìpàdé yẹn ni ó pín Áfíríkà bí ẹran. Ohun tí ìwé ìparí rẹ̀ sọ nípa gbígba ilẹ̀ tuntun kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀: etíkun ni orí 34 àti 35 inú rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìjọba tó bá gba etíkun tuntun gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn yòókù, kí ó sì ní àṣẹ tó tó láti fi ibẹ̀ sí ètò. Nípa àwọn ilẹ̀ tó jìnnà sí òkun, ìwé náà kò pàṣẹ irú bẹ́ẹ̀.

Àlàfo yìí ni hinterland kún. Ìlànà tí a wá fi orúkọ ọ̀rọ̀ yìí pè ni pé ẹni tó ní etíkun ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn etíkun náà, bí kò tilẹ̀ tíì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò sí àdéhùn tí ó fìdí ìlànà náà múlẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn ìjọba a máa gbé e dìde nígbà tó bá ṣe wọ́n láǹfààní, wọn a sì máa takò ó nígbà tó bá ṣe ẹlòmíràn láǹfààní. Láti ẹnu àwọn aṣojú Jámánì ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, láìsí ìtumọ̀, ní ogún ọdún tí ó gbẹ̀yìn sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tiwọn tí wọ́n lè lò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń du ohun kan náà pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ a máa kọ́ orúkọ tí aládùúgbò náà fi ń pe ohun ọ̀hún.

IV. Tchaourou láàárín ìlà méjì

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà tí yóò ya ilẹ̀ Porto-Novo kúrò lára ti Èkó. Wọ́n fa ìlà láti etíkun gòkè lọ sí àríwá, wọ́n sì dá a dúró ní ìlà-ìbú 9. Tchaourou wà ní ìsàlẹ̀ ìlà-ìbú náà, kò jìnnà sí i rárá. Parakou àti Nikki wà lókè rẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Nàgó ti Sábẹ̀ẹ́ àti ti Tchaourou ti bọ́ sínú àwòrán ilẹ̀ ní Yúróòpù kí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó rí òyìnbó kankan.

Ohun tó wà lókè ìlà-ìbú 9 wá di ohun tí ẹni tó bá yára ni yóò mú. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1894, Faransé dá ilẹ̀ àmúsìn sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ «Dahomey et dépendances». Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún náà, Lugard, tí ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company rán, gba ìwé àdéhùn ní Nikki. Ní ọjọ́ 26 oṣù kan náà, Ọ̀gágun Decoeur gba tirẹ̀ ní Nikki kan náà fún Faransé. Àwọn Jámánì kò sì jókòó. Ní ọdún 1894 sí 1895, Hans Gruner kó àwọn ènìyàn jọ láti Togo, wọ́n gòkè lọ títí dé etí odò Ọya. Orúkọ ìrìnàjò yẹn ní èdè wọn ni Togo-Hinterland-Expedition: ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí a kàn pọ̀, tí ẹ̀kẹta jẹ́ orí, tí méjì àkọ́kọ́ sì ń sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Níhìn-ín ni olóhun ti wá fara hàn. Hinterland ti ta ni? Ti Togo. Ìlú kékeré tó wà lẹ́bàá ọ̀sà ti ní ẹ̀yìn tó gùn dé odò Ọya.

Àdéhùn méjì ni ó parí eré sísá náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1897, Faransé àti Jámánì fọwọ́ sí ìwé ní Paris lórí ààlà Dàhòmì àti Togo. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1898, ní Paris kan náà, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ti ìhà ìlà-oòrùn: Nikki bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Bùsà bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tí ènìyàn bá dúró ní Tchaourou lónìí, tí ó kọjú sí àríwá, ààlà ọdún 1898 wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ Tchaourou ti pàdé Nàìjíríà. Ààlà ọdún 1897 wà ní ọwọ́ òsì, lẹ́yìn Bassila.

Ìlà ọwọ́ òsì yìí ni ó kan àwọn onímọ̀ èdè jù. Ó gba àárín ẹ̀ka-èdè kan kọjá. Ní Manigri, ní ilẹ̀ Bassila ní Bẹ̀nẹ̀, àti ní Kambolé, ní ilẹ̀ Tchamba ní Togo, ẹ̀ka-èdè Nàgó kan náà ni wọ́n ń sọ, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń ka àwọn èdè ayé fi so orúkọ ìlú méjèèjì pọ̀ láti dárúkọ rẹ̀: èdè Nàgó ti Manigri-Kambolé. Ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ nìyí pẹ̀lú. Ohun tí àdéhùn kan pín ní 1897, àmì ìsopọ̀ kékeré kan ni ó ń so ó pọ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀.

V. Níbo ni iwájú wà nígbà náà?

Kí ilẹ̀ kan tó lè wà lẹ́yìn, iwájú ní láti wà. Fún àwọn tó sọ hinterland, òkun ni iwájú, nítorí pé inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń wo Áfíríkà. Ṣé ibẹ̀ náà ni àwọn ará Tchaourou àti aládùúgbò wọn kọjú sí?

Ọ̀nà òwò àtijọ́ fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ńlá tó gba agbègbè yìí kọjá ń ti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Àwọn oníṣòwò ń kó obì láti apá Gonja, ní ilẹ̀ Gánà òde òní, wọ́n ń gba Djougou àti àwọn ìlú Bàrìbá kọjá lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Iyọ̀, aṣọ àti ẹran ọ̀sìn sì ń bọ̀ láti ọ̀nà ibòmíràn. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Obì aláwẹ́ méjì tí a ń pè ní gbàǹja, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti ara orúkọ Gonja ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ẹni tó bá pa gbàǹja ń pe orúkọ ọjà kan tó wà ní ìwọ̀-oòrùn, láìmọ̀. Ọjà ni iwájú, ibi tí ọjà bá wà ni ojú ń wò.

Kì í ṣe pé àwọn tó ń sọ Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń wo ilẹ̀ láti etíkun. Wọ́n ní i. Àwọn ará Èkó ń pe àwọn tó ti inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún wá ní ará òkè, gẹ́gẹ́ bí a sì ti sábà ń ṣàlàyé rẹ̀, ibẹ̀ ni aṣọ òkè ti rí orúkọ. Orúkọ Nàgó náà fẹ́ jọ ọ́: àwọn kan pàtó ni ó jẹ́ tiwọn ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn aládùúgbò tó ń sọ Fọn ni wọ́n nà án bo gbogbo àwọn tó ń sọ irú èdè yìí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà. Ará òkè sọ ibi tí ènìyàn ti wá. Kò sọ pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni ó ni òkè. Hinterland, lẹ́nu àwọn tó ń pín ilẹ̀, sọ bẹ́ẹ̀.

VI. Ojú irin mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ ilẹ̀ gan-an, kí ó wo ojú irin tí àwọn Jámánì tẹ́ ní Togo. Mẹ́ta ni, wọ́n sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ tí Bahn, ìyẹn ọ̀nà tàbí ojú irin, jẹ́ orí rẹ̀. Küstenbahn, ojú irin etíkun, so Lomé pọ̀ mọ́ Aného ní 1905. Inlandbahn, ojú irin ilẹ̀ inú, dé Kpalimé ní 1907. Hinterlandbahn, ojú irin ilẹ̀ ẹ̀yìn, dé ẹ̀bá Atakpamé ní 1911.

Ètò tó wà nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ ní àkíyèsí. Etíkun ni àkọ́kọ́, ilẹ̀ inú tẹ̀lé e, ilẹ̀ ẹ̀yìn ló kẹ́yìn. Atakpamé, ìlú tí àwọn Ifẹ̀ ti Togo, tí a tún ń pè ní Ana, ti ń sọ irú Yorùbá tiwọn, ni ó bọ́ sí ipò kẹta. Kì í ṣe ibi tí ó wà nìkan ni orúkọ náà sọ. Ó sọ ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe: kí òwú àti àgbàdo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òkun, kí ọjà òyìnbó sì gòkè bọ̀.

Faransé ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Dàhòmì, wọn kò kàn lo orúkọ yẹn fún un. Ojú irin wọn kúrò ní Cotonou, ó dé Savè ní 1911, ọdún kan náà tí ti Jámánì dé ẹ̀bá Atakpamé. Ó tún gòkè gba Tchaourou dé Parakou ní àwọn ọdún 1930. Láti ìgbà náà ni òkun ti di iwájú fún Tchaourou ní tòótọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni irin kọjú sí. Orúkọ tí a fi pe ilẹ̀ ní ìgbà tí kò tíì jẹ́ òtítọ́ ti di òtítọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó sọ ọ́.

VII. Ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́yìn olówó rẹ̀

Àwọn Jámánì túúbá ní Togo ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 1914, oṣù kan péré tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ náà. Èdè Jámánì kúrò ní ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ wọn kan kò kúrò. Hinterland ti fìdí kalẹ̀ nínú Faransé, pẹ̀lú H tí ẹnu Faransé kì í pè, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ń kọ l'hinterland, tí àwọn mìíràn sì ń kọ le hinterland.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ti yí. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ayé ń lò ó fún gbogbo agbègbè tí èbúté kan ń rán ẹrù sí, tí ó sì ń gba ẹrù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1959 ni a dá àjọ kan sílẹ̀, OCDN, tí Dahomey àti Niger jọ ni, láti máa bójú tó ojú irin àti ìgbòkègbodò ọkọ̀ láàárín wọn. Ní 1965 ni a ṣí èbúté jíjìn ti Cotonou. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Niger ń gba òpópónà Tchaourou kọjá. Nínú ìtumọ̀ tuntun yìí, kò sí ẹni tó sọ pé Cotonou ni ó ni Niamey. Bí ẹ̀rí bá ti ẹ̀ wà, ó ń fi hàn pé èbúté nílò àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe nílò èbúté: àwọn oníṣòwò Niger lè yan Lomé, wọ́n lè yan Tema, wọ́n lè yan Èkó.

Èyí mú ọ̀rọ̀ padà sórí ẹ̀yìn Yorùbá. Ẹ̀yìn kì í ṣe ibi àbùkù nígbà gbogbo. Ẹni tó ní ènìyàn lẹ́yìn ni agbára rẹ̀ dájú. Ọmọ ẹ̀yìn ni ó ń gbé iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ró. Ẹ̀yìn ọ̀la sì ni a ń pe àkókò tí kò tíì dé. Bí olùtumọ̀ bá fẹ́ lo ẹ̀yìn, kò ní láti bẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó fi olóhun pamọ́.

VIII. Fún àwọn tó ń túmọ̀ àti àwọn tó ń kọ́ni

Láti inú ohun tí a ti sọ, ọ̀nà méjì ni ó yẹ kí á yà sọ́tọ̀, nítorí pé ìtumọ̀ méjì ni hinterland ní.

Nínú ìwé ìtàn, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń tọ́ka sí ìlànà tí àwọn òyìnbó fi gba ilẹ̀, «ilẹ̀ ẹ̀yìn etíkun» ni ó tọ́. Orí ọ̀rọ̀ náà, ilẹ̀, wà níwájú bí gírámà Yorùbá ti fẹ́. Olóhun, etíkun, wà níbẹ̀ ní gbangba. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kà á yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé ẹnìkan dúró ní etíkun kí ó tó sọ ọ́. A kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ní «ẹ̀yìn odi», nítorí pé ẹ̀yìn odi ní ìtumọ̀ tirẹ̀, ti òde ìlú àti ti àjò. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ní «ìgbèríko», tí ó jẹ́ ti oko àti abúlé. Parakou kì í ṣe ìgbèríko, Nikki kì í ṣe oko ẹnikẹ́ni.

Nínú ìwé ọ̀rọ̀ ajé àti ti ìrìnnà, níbi tí «pays de l'hinterland» ti ń tọ́ka sí Niger, Burkina Faso àti Mali, ó sàn kí á sọ iṣẹ́ tó wà láàárín wọn: «àwọn orílẹ̀-èdè tí èbúté wa ń sìn». Gbólóhùn náà gùn ju ọ̀rọ̀ Jámánì lọ, ṣùgbọ́n oníṣòwò tó ń ta iṣu lẹ́bàá ọ̀nà ní Tchaourou yóò gbọ́ ọ yé láìsí àlàyé. Ó sì yí ibi tí a dúró padà: èbúté ni ó ń sìn, kì í ṣe ilẹ̀ ni ó ń sìn ín.

Ẹ̀kọ́ tó gbòòrò ju ọ̀rọ̀ kan lọ ni fún olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Bí a bá gbé àwòrán ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kọ́ ògiri, òkun a máa wà nísàlẹ̀, odò Ọya a máa wà lókè, Tchaourou a sì máa wà láàárín. Kí á tó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ ibi kankan lórí rẹ̀, ó dára kí á kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi ìka kan ibi tí wọ́n jókòó sí, kí wọ́n sì sọ ohun tó wà níwájú wọn, lẹ́yìn wọn, lọ́tùn-ún àti lósì. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò dáhùn bákan náà. Ẹni tó ń ta ẹran lọ sí Nàìjíríà yóò kọjú síbì kan, ẹni tó ní ọmọ ní Cotonou yóò kọjú síbòmíràn, ẹni tí ìyá rẹ̀ ti Manigri wá, tó ní ìbátan ní Kambolé, yóò kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáhùn tán ni kí a tó kọ ọ̀rọ̀ Jámánì náà sára pátákó, kí a là á sí méjì, kí a sì jẹ́ kí wọ́n béèrè ìbéèrè tí èdè wọn ti kọ́ wọn láti béèrè: ẹ̀yìn kí ni, ẹ̀yìn ta sì ni?